Èèyàn 583 kú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò gbọ́ yéra: Ẹ wá wo iṣẹ́ àwọn tó wà lókè ilé ìṣọ́ pápá bàálù

Bí bàálù bá ti balẹ̀ ní Ìkẹjà, kó tó dúró rárá, àwọn èrò inú ẹ̀ á ti máa pàtẹ́wọ́. Ìyá oníṣòwò tó ń ti Dubai bọ̀ á ní, "Olúwa, o ṣeun." Àlàájì tó ń ti Mẹ́kà bọ̀ á ní, "Alihamudulilai." Àwọn kan á kan sáárá sí awakọ̀, wọ́n á ní ọ̀gá ni. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ láyọ̀, ó yẹ kó dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí àwọn èrò kì í rántí dárúkọ. Ẹni náà kò sí nínú bàálù. Ó jókòó sókè ilé gogoro kan tí wọ́n fi gíláàsì yí ká, ó gbé ẹ̀rọ sétí, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kí bàálù tó balẹ̀ lòun àti awakọ̀ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Òun ló ń sọ fún un pé, rọra máa bọ̀, ẹnì kan ṣì wà níwájú rẹ. Òun náà ló sọ níkẹyìn pé, ó yá, títì ti ṣófo, balẹ̀.

Ilé gogoro yẹn làwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá bàálù ń pè ní táwà. Ilé ìṣọ́ ni. Ẹlòmíràn tó bá rí i láti ìta lè rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe. Háà! Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dàrú láàárín ilé yẹn àti awakọ̀, ẹkún ló máa ń já sí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí, nílẹ̀ òkèèrè àti nítòsí Ẹ̀pẹ́ níbí.

YẸ́LÒ FÍFÀ OJÚ Ọ̀RUN

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ táwà dáadáa, kó rántí oríta ńlá kan lọ́jọ́ ọjà, lọ́jọ́ tí yẹ́lò fífà kò bá wá síbi iṣẹ́. Dánfó á kọrí síbí, tírélà á kọrí sọ́hùn-ún, ọlọ́kadà á wọ àárín wọn, kálukú á ní òun lòun lọ̀nà. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀ ti dí pa. Wọ́n á búra wọn, wọ́n á ha ara mọ́tò ara wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Bàálù ò rí bẹ́ẹ̀ o. Bàálù ò lè páàkì sójú ọ̀run kó ní òun ń dúró de ẹni iwájú. Kò ní họ́ọ̀nù tó máa fọn fún ẹnìkejì ẹ̀. Eré tó ń sá pọ̀ débi pé, táwọn awakọ̀ méjì bá fi máa fojú ara wọn rí ara wọn nínú kùrukùru, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Ìdí nìyí tẹ́lòmíràn fi gbọ́dọ̀ bá wọn ríran.

Iṣẹ́ ọ̀hún pín sí ọ̀nà púpọ̀. Ẹnì kan wà nínú táwà tó jẹ́ pé bàálù tó ń rìn nílẹ̀ lòun ń darí: ibi tó máa yà sí, ibi tó máa dúró sí. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé títì tí bàálù ń sáré lé ló wà níkàáwọ́ ẹ̀. Láìgbàṣẹ lẹ́nu ẹni yìí, bàálù kankan ò gbọdọ̀ tẹ títì yẹn. Àwọn mìíràn tún wà tí wọn kì í gbé inú ilé onígíláàsì. Inú yàrá làwọn jókòó sí, wọ́n tẹjú mọ́ rédà, àwọn ló ń gba bàálù tó bá ti lọ jìnnà. Ńṣe ni wọ́n á máa fà á léra wọn lọ́wọ́, bí ìgbà tí agbẹ̀bí bá fa ọmọ lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Ètò ẹ̀ ni pé kí ohùn kan má jọ̀wọ́ bàálù sílẹ̀ àfi tí ohùn mìíràn bá ti gbà á.

Bí bàálù méjì bá fẹ́ kọjá lórí ara wọn, wọ́n á rí i pé àlàfo tó wà láàárín ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀ kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Bí bàálù ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, wọ́n á dá bàálù kékeré tó tẹ̀ lé e dúró fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ìjì ni bàálù ńlá máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ọlọ́kadà tí tírélà bá ti sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rí mọ irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́ ńkọ́? Eruku á bo gbogbo ojú ọ̀run, ojú ò ní ríran jìnnà. Táwà ló máa sọ fún awakọ̀ ibi tójú ríran dé. Tí ibẹ̀ bá kéré ju ohun tófin sọ lọ, kó má wulẹ̀ dán an wò, kó padà sílé tàbí kó gba ìlú mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń bínú nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé wọ́n dá àwọn dúró. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀mí àwọn gan-an ni wọ́n ń ṣọ́.

Màlúù pàápàá wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ní oṣù keje ọdún 2005, bàálù ńlá kan tó ń balẹ̀ lóru ní Port Harcourt forí sọ agbo màlúù lórí títì. Ọlọ́run ló yọ àwọn èrò. Ní oṣù kejì ọdún 2019, màlúù tún gba títì pápá bàálù Àkúrẹ́. Bàálù tó ń bọ̀ láti Èkó ò lè sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló wà lókè títí wọ́n fi lé wọn kúrò.

ARCHIE ÀTI BÁRÒ Ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1920, ní pápá bàálù Croydon nítòsí London, ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe ilé ńlá o. Ilé onípákó ni, gíga ẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ, fèrèsé ló yí i ká.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú St. Louis, Archie League lẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ní ọdún 1929. Òun ò tiẹ̀ nílé rárá. Bárò kan ló ń tì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, irú èyí táwọn bíríkìlà fi ń kó sìmẹ́ńtì. Àga wà nínú ẹ̀, agbòòrùn ńlá bíi ti ìyá alátẹ wà nínú ẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀, ìwé tó fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àsíá méjì sì nirinṣẹ́ ẹ̀. Tó bá na pupa, kí awakọ̀ dúró. Tó bá na èyí tó rí bíi pátákó dráfù, kó máa lọ.

Ní ọdún 1930 ni wọ́n gbé rédíò sínú ilé ìṣọ́ ní ìlú Cleveland, tí ohùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò àsíá. Síbẹ̀, wọn ò gbàgbé ohun àtijọ́. Títí dòní, iná kan wà nínú táwà tí wọ́n lè nà sí bàálù tí rédíò ẹ̀ bá kú. Tí iná aláwọ̀ ewé bá dúró gbọin sí i lójú ọ̀run, kó máa bọ̀ wá balẹ̀. Tó bá jẹ́ pupa ló dúró, kó yàgò fẹ́lòmíràn, kó ṣì máa yípo lókè. Tí pupa náà bá ń ṣẹ́jú, ilẹ̀ ò dáa, kó má balẹ̀ síbẹ̀.

Croydon yẹn kan náà ni igbe "Mayday" ti jáde ní nǹkan bí ọdún 1923. Òṣìṣẹ́ rédíò ibẹ̀, Frederick Mockford, ló mú un jáde látinú èdè Faransé, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni "ẹ ràn mí lọ́wọ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni awakọ̀ tó bá wà nínú ewu máa ń ké e. Tí táwà bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ta àwọn panápaná jí, wọ́n á sì lé gbogbo bàálù yòókù kúrò lọ́nà ẹ̀.

"TÚN UN SỌ KÍ N GBỌ́"

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìran wíwò. Ọ̀rọ̀ ni.

Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ léwu. Ẹ wo igbá tí wọ́n fi ń bu gàrí, ẹ wo igba náírà, ẹ wo ìgbà òjò, ẹ wo igbà tádẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, wọ́n á rán ọmọ ní igbá, igba náírà ló máa mú dé. Ẹ wá fi èyí sínú rédíò tó ń dún ṣáá, kí ọmọ Japan wà nínú bàálù kan, kí ará Brazil wà nínú èkejì, kí ọmọ Ìbàdàn wà nínú táwà, kí gbogbo wọn sì máa sọ èdè Òyìnbó tí kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sọ lẹ́tà lórúkọ. Wọn kì í pe A ní A lásán, Alfa ni. B, Bravo ni. D, Delta ni, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ B kó pè é ní D.

Òfin kan tún wà tó ju gbogbo ẹ̀ lọ: ohun tí táwà bá sọ, kí awakọ̀ tún un sọ padà. Tí wọ́n bá ní kó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 6,000, kò gbọdọ̀ dáhùn pé, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Kí ló gbọ́? Ó gbọ́dọ̀ ní òun ń bọ̀ ní 6,000, kó sì dárúkọ bàálù ẹ̀. Ẹni tó wà ní táwà náà ò gbọdọ̀ tíì yísẹ̀ padà. Ó gbọ́dọ̀ fetí sí ohun tí awakọ̀ tún sọ, kó mọ̀ bóyá ohun tóun rán an gan-an nìyẹn. Tó bá ṣì í gbọ́, kó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan lè ní kí ló dé tí wọ́n ń ṣe bíi pé àwọn awakọ̀ ò gbọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tenerife ló máa dá wọn lóhùn.

ỌJỌ́ ÌSINMI TÓ BURÚ

Tenerife, erékùṣù kan ni lábẹ́ ìjọba Sípéènì, nínú òkun nítòsí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1977, bọ́ǹbù dún ní pápá bàálù Las Palmas tó wà ní erékùṣù kejì. Wọ́n ti ibẹ̀ pa, wọ́n wá ní kí gbogbo bàálù tó ń bọ̀ yà sí Tenerife. Pápá kékeré ni, títì kan ṣoṣo ló ní. Kò pẹ́ tí bàálù fi kún ibẹ̀ bámú. Èèyàn méjì péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní táwà.

Méjì nínú àwọn bàálù náà jẹ́ Boeing 747, àwọn òmìrán. Ti KLM wá láti Amsterdam, èèyàn 248 ló wà nínú ẹ̀. Ti Pan Am wá láti Amẹ́ríkà, èèyàn 396 ló wà nínú tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní Las Palmas ti ṣí, kálukú fẹ́ tètè máa lọ. Ìgbà náà gan-an ni kùrukùru bo gbogbo pápá. Àwọn tó wà ní táwà ò rí bàálù, bàálù ò rí ara wọn, rédà tó lè wo ilẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

KLM rìn dé ìparí títì, ó yíjú padà, ó ń retí àṣẹ. Pan Am ṣì wà lórí títì kan náà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń wá ibi tó máa yà sí nínú kùrukùru. Táwà sọ fún KLM ọ̀nà tó máa gbà tó bá ti gbéra. Àlàyé ọ̀nà nìyẹn o, kì í ṣe àṣẹ pé kó gbéra. Ṣùgbọ́n ọ̀gá awakọ̀ ti tú bàálù sílẹ̀. Igbákejì ẹ̀ sọ lórí rédíò pé àwọn wà lẹ́nu ìgbéra báyìí. Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Ṣé wọ́n ń múra ni, àbí wọ́n ti ń lọ?

Táwà dáhùn pé, "Ó dáa." Ó wá fi kún un pé kí wọ́n dúró ná, òun máa pè wọ́n. Lákòókò kan náà ni Pan Am kígbe pé àwọn ṣì wà lórí títì o! Ohùn méjì pàdé nínú rédíò kan ṣoṣo, wọ́n pa ara wọn mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn tó wà nínú KLM gbọ́ kedere ni "Ó dáa," ìyókù di ariwo han-in. Ẹnì kan nínú bàálù náà, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ńjìnnì, béèrè pé ṣé Pan Am ò tíì kúrò lọ́nà ni? Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Ẹni náà ò béèrè mọ́.

Nígbà tí wọ́n máa rí Pan Am lójú, ó ti pẹ́ jù. Gbogbo èèyàn 248 tó wà nínú KLM ló kú. Èèyàn 335 kú nínú Pan Am, 61 péré ló yè. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 583. Títí dòní, kò tíì sí ìjàǹbá bàálù kan tí iye èèyàn tó kú nínú bàálù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ̀rọ̀ náà "ìgbéra" ti di èèwọ̀ lẹ́nu wọn. Àyè méjì péré ni wọ́n ti lè pè é: ìgbà tí táwà bá ń fún bàálù láṣẹ pé kó gbéra, àti ìgbà tó bá ń gba àṣẹ náà padà. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, "àlọ" ni kí wọ́n máa pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ èèyàn 583 ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ.

ÈJÌNRÌN, NÍTÒSÍ ẸNU Ọ̀NÀ

Àwọn àgbà oníṣòwò mọ Èjìnrìn lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Láyé àtijọ́, ọjà ńlá tó wà létí ọ̀sà níbẹ̀ làwọn ará Èkó àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ra, tí wọ́n ń pàdé tà. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá, ọdún 1996, òkìkí mìíràn ni Èjìnrìn gbà. Bàálù ADC kan tó ń ti Port Harcourt bọ̀ wá sí Èkó já sínú omi níbẹ̀. Èèyàn 144 ló wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ò yè. Gbajúgbajà onímọ̀ nì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake, wà lára wọn.

Bàálù mìíràn ti gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Enugu. Ọ̀nà àwọn méjèèjì fẹ́ pàdé. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀ràn náà sọ pé ẹni tó ń darí wọn látilẹ̀ kò tètè là wọ́n. Nígbà tí awakọ̀ ADC rí ẹnìkejì, ó yí bàálù ẹ̀ lójijì láti yẹra, yíyí náà sì pọ̀ jù, bàálù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọn ò kọlu ara wọn o. Bàálù kejì bá tiẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi pẹ́ kó tó jáde ló gba ẹ̀mí èèyàn 144.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n gbé rédà tí wọ́n pè ní TRACON kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. NAMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ojú ọ̀run Nàìjíríà, ló gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí síṣẹ́. Zaria, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ bàálù, ni wọ́n sì ti ń kọ́ wọn. Bàálù ńlá òde òní tún ní ẹ̀rọ kan nínú tó máa ń kígbe fún awakọ̀ pé "gòkè" tàbí "sọ̀ kalẹ̀" tí bàálù mìíràn bá sún mọ́ ọn jù.

Ṣé ẹ̀rọ ti wá tán ìṣòro? Rárá o. Japan ò tálákà ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 2, oṣù kìíní, ọdún 2024, ní pápá bàálù Haneda ní Tokyo, táwà sọ fún bàálù kékeré kan tó fẹ́ kó ẹrù ìrànwọ́ lọ fáwọn tí ilẹ̀ ríri ṣe lọ́ṣẹ́ pé òun ni nọ́ńbà kìíní, kó lọ dúró sẹ́nu títì. Ọ̀gá awakọ̀ gbọ́ "nọ́ńbà kìíní," ó rò pé wọ́n ti ní kóun máa lọ ni, ló bá wọ títì, ó sì dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹ̀rọ tó wà níwájú àwọn tó wà ní táwà tan iná ìkìlọ̀, kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Bàálù ńlá tó ń balẹ̀ gbá a. Nínú èèyàn mẹ́fà tó wà nínú bàálù kékeré, márùn-ún kú. Gbogbo èèyàn 379 inú bàálù ńlá ló sá jáde láàyè kí iná tó jó o tán. Lẹ́yìn ẹ̀, ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ "nọ́ńbà kìíní" dúró fún ìgbà kan. Ọdún 47 ti kọjá lórí Tenerife, ọ̀rọ̀ àgbọ́yé náà ló tún dé.

Iṣẹ́ táwà ò wá fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tọjà àti ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà tó gbọ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní mẹ́rin ti ba pákó oníṣẹ́ jẹ́. Télọ̀ tó dáhùn pé "mo ti gbọ́, mà" láìka ìwọ̀n padà, ọjọ́ ìnáwó ni yóò mọ̀ pé òun ò gbọ́. Ìyá oníyẹ̀rẹ́ tó rán dẹ́rẹ́bà sí Kánò, tí kò jẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, lè gba ẹrù ẹlẹ́rù. Àwọn wọ̀nyí ṣì lè rà á padà lówó. Ẹni tó wà nínú táwà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tijú láti sọ pé, tún un sọ kí n gbọ́, kódà bó jẹ́ ọ̀gá àwọn awakọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Bí bàálù bá tún gbé yín balẹ̀ láyọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ kí awakọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì jáde síta, kẹ́ ẹ tó máa bá ọlọ́kọ̀ dúnàádúrà, ẹ gbójú sókè díẹ̀ wo ilé gogoro onígíláàsì yẹn. Ẹnì kan ṣì wà lókè ibẹ̀ tó ń bá ẹni tó tẹ̀ lé yín sọ̀rọ̀.